Ta Ni Àlímà?

Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Ẹ̀pẹ́,
ẹ̀ńjìnnì kan tó yarí ní èbúté Èjìnrìn.
Wọ́n ní kó wá tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì péré.
Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún ò tíì pé dòní:
ibojì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilé wa un, ó kọjú sọ́sà.

Wẹ́nsù Ṣuérẹ́bù lorúkọ rẹ̀.
Ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn tán?
Àwọn ará Pópó Ọba gé e kúrú, wọ́n ní Sérébù.
Òun lèmi náà ń jẹ́,
Múnírátù Sérébù, ọmọ Òkè Balógun,
tó dúdú bí ìdí ìkòkò,
tí tíṣà ń bi pé, "Sérébù? Ìjẹ̀bú ibo nìyẹn?"

Erékùṣù Málítà ni wọ́n ti bí i.
Ó ní òkúta ni, òkun ló yí i ká,
kò sódò kan ṣoṣo tó ń ṣàn níbẹ̀.
Òjò ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ bí ẹní ń fowó pamọ́.

Àgùdà ni, ṣùgbọ́n bó bá fi òòlù lu ìka,
"Álà!" ló máa ń ké.
Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí á rẹ́rìn-ín:
"Wẹ́nsù, ìwọ náà kúkú mọ̀ Ọ́n."
Bí ààwẹ̀ Àgùdà bá wọlé, á ní Rándánì dé.
Àsímáwù ìyá mi àgbà á wòkè:
"Èwo ni Rámádàn tóṣù rẹ̀ ò tíì lé?"
Básílà ló ń pe àlùbọ́sà.
Bárákà ló ń pe àlùbáríkà.
Àfi bíi pé ìyá kan náà ló bí wọn,
tí ọ̀kan fẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá wá bá wa,
tí èkejì wọkọ̀ lọ bá wọn,
tí wọ́n wá ṣojú kojú nínú òróró Àsímáwù.

Nígbà tó wólẹ̀ àìsàn,
Yorùbá ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e.
Ó wá ku ti erékùṣù.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ kan ló ń pè:
Ílímà. Ílímà.
Àsímáwù gbọ́ Àlímà.

Àlímátù oníbúrẹ́dì ni, létí Màrínà!
Ta ni ì bá tún jẹ́?
Ó fọwọ́ líle nu ojú ọkọ rẹ̀,
ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí i.
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kú.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, búrẹ́dì ò wọlé wa.

Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló kù sí mi lọ́wọ́ nínú èdè bàbá mi àgbà.
Mo kọ wọ́n sórí bébà, mo dé Àpápá léṣìí,
mo bá awakọ̀ òkun kan, ọmọ Málítà.
Básílà? Ó rẹ́rìn-ín. Rándánì? Ó fọwọ́ kan àyà.
Ílímà?
Ó gbé ife tó wà níwájú rẹ̀, ó mì ín lójú mi.
Omi.

Ọ̀sà bá mi rìn títí mo fi délé.

Ẹja ni Àsímáwù ń ha nígbà tí mo sọ fún un.
Ó ha á, ó ha á,
ìpẹ́ tán lára ẹja, ó ṣì ń ha á.
"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ń fi Yorùbá béèrè omi lọ́wọ́ mi.
Kí ló ṣe é tí ò fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Lọ́jọ́ kejì ó wé gèlè, ó gba ọ̀nà Màrínà.
Búrẹ́dì méjì ló gbé bọ̀.
Ohun tí wọ́n jọ sọ, kò sọ fún mi.

Lálẹ́, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn pè.
Mo ní, "Ílímà."
Ó mi orí. "Ohùn rẹ̀ ò lọ bẹ́ẹ̀."
Ó di ojú,
ó sì pè é.